Mọ Ibi Tí O Dúró Kí O Tó Júwe Ọ̀nà fún Búráúsà

Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń ṣe ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù pọ̀ jọjọ lórílẹ̀-èdè wa lónìí. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ń yọ lọ́tùn-ún lósì, àwọn olùkọ́ orí YouTube kò lóǹkà, ìjọba àpapọ̀ náà sì gbé ètò 3MTT kalẹ̀ lọ́dún 2023 pẹ̀lú èrò àtikọ́ mílíọ̀nù 3 ènìyàn níṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà tó yẹ kó ṣáájú ìyókù, tó sì rọrùn láti fò kọjá torí pé kò ní àwọ̀, kì í mì lórí ẹ̀rọ, kò sì ṣe é gbé sórí Instagram kí àwọn ọ̀rẹ́ máa yìn ọ́ sí. Ẹ̀kọ́ náà ni bí fáìlì kan ṣe ń júwe fún búráúsà ibi tí fáìlì mìíràn wà. Relative path ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é; ọ̀nà kúkúrú ni èmi á máa pè é níbí. Èrò tèmi ni pé ẹni tí kò bá mọ èyí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù rárá, kódà kó lè fi React kọ́ ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ á ti máa dára.

Ẹ jẹ́ ká mú fódà kan tó ń jẹ́ iwe-iroyin. Nínú rẹ̀ la ti rí index.html, tó jẹ́ ojú ìwé àkọ́kọ́, fódà kan tó ń jẹ́ aworan, àti òmíràn tó ń jẹ́ ere-idaraya. Àwòrán pápá ìṣeré kan wà nínú aworan, papa.jpg ni orúkọ rẹ̀. Bí index.html bá fẹ́ gbé àwòrán yìí jáde, aworan/papa.jpg ló máa kọ, ó parí. Inú ere-idaraya ni boolu.html wà ní tirẹ̀. Bí òun náà bá kọ aworan/papa.jpg, búráúsà á gbà pé inú ere-idaraya ni fódà aworan wà, á béèrè fún un níbẹ̀, sáfà á wá a títí kò ní rí i, á sì dá 404 padà. Ohun tó yẹ kí boolu.html kọ ni ../aworan/papa.jpg. Dọ́ọ̀tì méjì tó ṣáájú yẹn ń sọ pé kí búráúsà kọ́kọ́ jáde kúrò nínú fódà tó wà, kó tó wọ aworan. Àwòrán kò kúrò níbi tó wà, orúkọ rẹ̀ kò yí padà, síbẹ̀ ọ̀nà ibẹ̀ di méjì, nítorí pé ibi méjì ni àwọn tó ń béèrè rẹ̀ dúró sí. Bí a ṣe ń júwe ilé fún àlejò náà nìyẹn: “yà sọ́wọ́ òsì lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí” lè gbé ẹni tó ń bọ̀ láti Mọ́kọ́lá dé ẹnu ọ̀nà wa, kó sì gbé ẹni tó ń bọ̀ láti Òkè-Àdó dé ilé onílé.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ken Thompson àti Dennis Ritchie ti lo dọ́ọ̀tì kan fún fódà tí a wà nínú rẹ̀, dọ́ọ̀tì méjì fún èyí tó gbà á sínú, nínú Unix, ètò tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1969. Nígbà tí Tim Berners-Lee ń gbé wẹ́ẹ̀bù kalẹ̀ ní CERN, lẹ́bàá Geneva, irú ètò fáìlì bẹ́ẹ̀ ló ti mú sláàṣì. Oṣù kẹfà ọdún 1995 ni Roy Fielding kọ òfin ọ̀nà kúkúrú yìí sílẹ̀ nínú ìwé tí a mọ̀ sí RFC 1808. Lọ́dún 2005, RFC 3986, tí òun, Berners-Lee àti Larry Masinter jọ kọ, gba ipò rẹ̀. Ìwé yẹn mú àdírẹ́sì àtọwọ́dá kan, http://a/b/c/d;p?q, ó sì to ọ̀pọ̀ ọ̀nà kúkúrú sísàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò já sí. Ẹni tó bá fi bírò àti bébà ṣe ìdajì wọn ti kọ́ṣẹ́ ju ẹni tó wo fídíò ogún lọ. Ọ̀kan wà nínú wọn tí mo fẹ́ kí gbogbo olùkọ́ dúró lé lórí: bí dọ́ọ̀tì méjì bá pọ̀ ju iye fódà tó wà lókè lọ, àṣejù náà kò ní gbé búráúsà jáde kúrò lórí sáìtì, ìdí sáìtì ló máa dúró sí, kò sì ní pariwo. Ìdí nìyẹn tí ojú ìwé kan fi lè ní ../ mẹ́fà níbi tí méjì ti tó, tí ohun gbogbo á sì máa lọ geere, títí di ọjọ́ tí wọ́n bá kó sáìtì náà sínú fódà mìíràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an ni pé àṣìṣe ọ̀nà fáìlì kì í sábà fara hàn níbi tí a ti ṣe é. Ẹ wo lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré. Windows kì í ka Papa.JPG àti papa.jpg sí ohun méjì, macOS náà kì í sábà kà á bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ sáfà ló ń lo Linux, Linux sì gbà pé fáìlì méjì ni. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ló máa ń fi lẹ́tà ńlá kọ ìparí orúkọ fọ́tò. Akẹ́kọ̀ọ́ á kó fọ́tò náà wọlé, á kọ .jpg kékeré sínú kọ́ọ̀dù, lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ àwòrán á yọ kedere. Bó bá gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwòrán á pòórá. Á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, á ní àwọn tó fún òun ní sáfà ti lu òun ní jìbìtì, á tún gbogbo fáìlì gbé sókè lẹ́ẹ̀mejì kí dátà rẹ̀ lè tán. Lẹ́tà mẹ́ta péré ló fa gbogbo wàhálà náà.

Àwa tí à ń kọ Yorùbá tún ní tiwa lọ́tọ̀. Bí ènìyàn bá pe fáìlì rẹ̀ ní ọ̀nà.html, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ náà ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, kọ̀ǹpútà sì ní ju ọ̀nà kan lọ tó lè gbà pa á mọ́. Ó lè jẹ́ ọ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí a wá fi àmì ohùn lé lórí. Ó sì lè jẹ́ o lásán tí a fi àmì méjèèjì kún lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú Linux, orúkọ méjì tó yàtọ̀ síra ni. Bí kíbọọ̀dù tí a fi sọ fáìlì lórúkọ bá kọ ọ́ ní irú kan, tí èyí tí a fi kọ líǹkì sì kọ ọ́ ní irú kejì, 404 ló máa yọrí sí, ẹni tó ń wo ojú ìwé náà kò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan bó tilẹ̀ fi gíláàsì sójú. Nítorí náà, bó ti wù kó dùn wá tó, ìmọ̀ràn mi ni pé kí àmì ohùn wa máa gbé inú ọ̀rọ̀ ojú ìwé, níbi tí òǹkàwé ti máa rí i, kí orúkọ fáìlì sì jẹ́ lẹ́tà kékeré láìsí àmì, láìsí àlàfo. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ìtìjú ni èyí fún èdè wa. N kò rò bẹ́ẹ̀. Orúkọ fáìlì kì í ṣe ojúde tí a ti ń fi ọlá èdè hàn.

Ìbéèrè “níbo ni mo dúró sí” tún ń yí padà láti irú fáìlì kan sí èkejì, èyí sì máa ń da orí àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ pàápàá rú. Àwòrán tí a bá fi url() pè nínú css/ara.css, láti inú fódà css ni a ti ń ka ọ̀nà rẹ̀, kì í ṣe láti ojú ìwé tó pe CSS náà wọlé. JavaScript ń ṣe òdìkejì: bí àṣẹ fetch bá pe data/esi.json, láti àdírẹ́sì ojú ìwé tí òǹkàwé ṣí ni búráúsà ti ń kà á, ibi yòówù kí fáìlì JavaScript náà wà. Sláàṣì kan ṣoṣo ní ìparí àdírẹ́sì náà tó láti yí ohun gbogbo padà. Bí òǹkàwé bá ṣí example.com/ere-idaraya, búráúsà gbà pé fáìlì ni ere-idaraya, papa.jpg tí a bá pè níbẹ̀ á sì di example.com/papa.jpg. Bó bá ṣí example.com/ere-idaraya/, ó ti di fódà, papa.jpg kan náà á sì di example.com/ere-idaraya/papa.jpg. Sláàṣì tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà kò gbẹ́yìn: /aworan/papa.jpg túmọ̀ sí pé kí búráúsà padà sí ìdí sáìtì, kó má wo ibi tó wà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé iṣẹ́ àkọ́kọ́ wọn sí GitHub Pages torí pé ọ̀fẹ́ ni, àdírẹ́sì tí wọ́n sì ń rí gbà lórí rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ orúkọ ẹni ṣáájú github.io, kí orúkọ iṣẹ́ náà tó tẹ̀lé e lẹ́yìn sláàṣì. Sláàṣì ìbẹ̀rẹ̀ yẹn á fo orúkọ iṣẹ́ náà, á lọ wá àwòrán sí ìdí github.io ti onítọ̀hún, níbi tí kò ti sí nǹkan kan.

Kí ló dé tí mo fi ní kí á tẹnu mọ́ èyí nísinsìnyí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ? Ìdí ni pé fóònù ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa fọwọ́ kàn, fóònù kì í sì í fẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé fódà wà. Ọdún 2007 ni iPhone jáde; ọdún 2017, nígbà tí iOS 11 dé, ni Apple tó fi ápù tí a ti lè máa wo fáìlì sórí rẹ̀. Fún ọdún mẹ́wàá gbáko, fọ́tò wà nínú ápù fọ́tò, orin wà nínú ápù orin, kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí wọ́n ń gbé ní tòótọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì The Verge gbé ìròyìn jáde nípa àwọn olùkọ́ yunifásítì tó ń rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní fódà, pé wọ́n lè wá fáìlì rí ṣùgbọ́n wọn kò lè sọ ibi tó wà. Kì í ṣe pé òmùgọ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi dàgbà ló pa nǹkan náà mọ́ kúrò lójú wọn. Bó bá rí báyìí fún ọmọ tó ní láptọ́ọ̀pù nílé láti kékeré, kí là ń retí lọ́dọ̀ ọmọ tó jẹ́ pé inú kíláàsì ìkọ́ṣẹ́ ló ti kọ́kọ́ jókòó síwájú kíbọọ̀dù?

Àwọn kan á dá mi lóhùn pé ìṣòro àtijọ́ nìyẹn, pé WordPress, Vite àti àwọn irinṣẹ́ ẹgbẹ́ wọn ti gba iṣẹ́ yẹn ṣe. Òótọ́ ni dé àyè kan. Ṣùgbọ́n WordPress fúnra rẹ̀ máa ń fi àdírẹ́sì kíkún àwòrán pa mọ́ sínú dátábéèsì rẹ̀. Bí oníbàárà bá yí orúkọ sáìtì rẹ̀ padà, àwọn àwòrán inú àpilẹ̀kọ àtijọ́ á ṣì máa lọ sí orúkọ ti tẹ́lẹ̀, àfi kí ẹnìkan wọ inú dátábéèsì lọ pààrọ̀ wọn. Iṣẹ́ yìí wọ́pọ̀ débi pé WP-CLI, irinṣẹ́ tí a fi ń tẹ àṣẹ fún WordPress, ní àṣẹ kan tó wà fún un, search-replace. Vite ní ibi tí a ti ń sọ ohun tó ń pè ní base, èyí tí kò jẹ́ nǹkan mìíràn ju kí a sọ fún un fódà tí iṣẹ́ náà máa gbé bó bá dé orí sáfà. Ẹni tí kò mọ ìbéèrè náà kò ní mọ̀ pé irinṣẹ́ ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ òun. Irinṣẹ́ lè gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́, ọwọ́ wa ló ń padà sí.

Àtakò kejì lágbára ju ìyẹn lọ, mo sì gbà á lápá kan: pé kí a kúkú máa kọ àdírẹ́sì kíkún níbi gbogbo, kí gbogbo àríyànjiyàn parí. Lóòótọ́, àwọn ibi kan wà tí kò sí ohun mìíràn tó lè ṣiṣẹ́. Lẹ́tà ímeèlì kò ní ìdí sáìtì tí a lè ka ọ̀nà láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Fáìlì sitemap tí a ń kọ fún Google gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì kíkún. Ṣùgbọ́n láàárín ojú ìwé sí ojú ìwé nínú sáìtì kan náà, àdírẹ́sì kíkún ń so iṣẹ́ mọ́ orúkọ kan àti sáfà kan, ìtàn sì ti fi ohun tí èyí ń ná ènìyàn hàn. Láti ìparí ọdún 2015 tí Let's Encrypt ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún gbogbo ayé ní ìwé ẹ̀rí ààbò lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn sáìtì ń kúrò lórí http bọ́ sí https. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 2018, Chrome bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àdírẹ́sì gbogbo sáìtì http pé kò ní ààbò. Sáìtì tó lo ọ̀nà kúkúrú kàn bá ìyípadà náà lọ ni. Èyí tó kọ http:// gbàǹgbà síwájú gbogbo JavaScript àti CSS rẹ̀ rí i pé búráúsà kọ̀ láti gbé wọn wọlé mọ́ nínú ojú ìwé https. Àwọn tó ní sáìtì bẹ́ẹ̀ sanwó fún ẹni tó bá wọn tú gbogbo ìlà náà wò.

Àǹfààní mìíràn wà tó kàn wá gan-an ní ìhà ibí, níbi tí dátà ti wọ́n, tí iná sì ń ṣe bó ṣe wù ú. Ojú ìwé tí a bá fi ọ̀nà kúkúrú so pọ̀ lè gbé inú fláàṣì, kí olùkọ́ kì í bọ kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwòrán, líǹkì àti ohun gbogbo sì máa ṣiṣẹ́. Sláàṣì ìbẹ̀rẹ̀ kò lè ṣe èyí, torí pé ìdí fláàṣì tàbí ìdí dísíìkì ni búráúsà á lọ wá fáìlì sí. Àdírẹ́sì kíkún kò lè ṣe é bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sí. Wget, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí a fi ń da odidi sáìtì kọ sórí kọ̀ǹpútà, mọ èyí dájú: bí a bá ní kó tún líǹkì ṣe fún kíkà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ líǹkì àwọn fáìlì tó ti gbà wálẹ̀ di ọ̀nà kúkúrú. Iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ì bá ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Wget ń bá a ṣe lẹ́yìn.

Ó ku àwọn tó ń sọ pé ẹ̀rọ AI ló ń kọ kọ́ọ̀dù báyìí. Ẹ̀rọ náà mọ òfin RFC ju ọ̀pọ̀ wa lọ, n kò jiyàn. Àmọ́ bí a kò bá jẹ́ kó rí bí a ṣe to fódà wa, àbá ló ń dá. Á kọ images/logo.png torí pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ fódà wọn lórúkọ, akẹ́kọ̀ọ́ tó ní aworan/ami.png á sì dà á kọ bó ṣe wà. Àti láti jẹ́ kí AI rí fódà náà, àti láti mọ̀ bóyá ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà, ẹni tó mọ ibi tó dúró sí ló lè ṣe é.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ka dọ́ọ̀tì méjì sí eré ọmọdé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, àwọn tó ń ṣe sáfà Apache sáré kéde pé ẹ̀dà 2.4.49 ní àléébù: àwọn ọ̀daràn lè fi %2e rọ́pò dọ́ọ̀tì, kí wọ́n máa tipa bẹ́ẹ̀ gòkè jáde nínú fódà tí sáfà fẹ́ fi han aráyé, kí wọ́n sì máa ka fáìlì tí kò kàn wọ́n lórí ẹ̀rọ tí ètò ààbò rẹ̀ kò le. Àtúnṣe àkọ́kọ́, 2.4.50, kò tó. Àfi ìgbà tí wọ́n gbé 2.4.51 jáde láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tó ń ṣètò ẹ̀kọ́, ẹ fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún fódà. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ya fódà iṣẹ́ rẹ̀ sórí bébà, kó fi ọwọ́ kọ ọ̀nà láti fáìlì kan dé òmíràn, kí ẹ wá gbé fáìlì kan kúrò ní àyè rẹ̀, kó tún ọ̀nà náà kọ. Lẹ́yìn náà kó gbé e sórí sáfà Linux gidi, kì í ṣe orí láptọ́ọ̀pù nìkan, kó rí ohun tí lẹ́tà ńlá kan ṣoṣo lè bàjẹ́. React á dúró dè é. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wà nínú iroyin/2024/oja.html, tí kò lè sọ láìṣí kọ̀ǹpútà ibi tí ../../css/ara.css yóò já sí, kò tíì tó ẹni tí à ń fún ní ìwé ẹ̀rí.